Odò Ògùn Lọ́dún Ogun Ìjàyè

Èkó, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, 1860

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìnira ogun tó wà lẹ́bàá yín. Gbogbo ará ilé ní Ìrókò ń kọ́?

Lìádì tó ń kó aṣọ gba ọ̀nà Rẹ́mọ dé ọ̀dọ̀ mi lánàá. Mo bi í léèrè ìyá mi. Ó ní, "Ara wọn ń mókun díẹ̀díẹ̀." Mo ní, "Lìádì, wojú mi." Kò wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù tó ti dì tẹ́lẹ̀. Ni mo bá gbé àwo ẹ̀kọ iwájú rẹ̀ kúrò, mo ní kò ní jẹun nílé mi títí yóò fi sọ òótọ́. Ebi ló jẹ́ kó sọ ọ́: pé ikọ́ Ìyá ti di ti ẹ̀jẹ̀, pé wọn kò lè dá dìde lórí ẹní mọ́.

Bàbá, ojú ìwé mẹ́fà ni lẹ́tà yín tó kẹ́yìn. Ẹ béèrè bóyá mo ń pa iná ààrò kí n tó jáde. Ẹ béèrè bóyá òrùlé ilé tí mo ń gbé ń jò. Ẹ kìlọ̀ kànga fún mi, ẹ kìlọ̀ ajá, ẹ kìlọ̀ àwọn ọmọ ọkọ̀ òkun. Nínú ojú ìwé mẹ́fà, ẹ kò rí àyè kan fún ẹ̀jẹ̀ tí ìyá mi ń pọ̀.

Mo bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé kí n wá, àbí kí n dúró? Ìyàwó oníṣòwò tí mo ń ránṣọ fún ti yọ̀ǹda mi. Ẹ má kọ ojú ìwé mẹ́fà sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì tó. Èyí tí ẹ bá wí ni n ó ṣe.

Èmi ọmọ yín,
Ìbídùnní


Ìrókò, ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, 1860

Ìbídùnní ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. O kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́.

Òótọ́ ni Lìádì sọ. N kò kọ ọ́ nítorí n kò fẹ́ kí o máa sunkún níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ṣé o ń jẹun? Ó tó. O ní kí n má gùn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n ó gbọ́. O mọ bí ayé ti rí lọ́wọ́ yìí, n kò ní tún un sọ.

Ìdáhùn mi nìyí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ó má baà sí àṣìkà:

MA WA.

Ọ̀rọ̀ méjì náà nìyẹn. Mo gbìyànjú, àbí n kò gbìyànjú?

Bàbá rẹ,
Fámúyìwá


Èkó, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, 1860

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Nígbà tí mo ṣí lẹ́tà yín tí mo rí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, mo fò sókè bí ọmọdé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní Sàró ni ẹ ti ń sọ fún mi pé kí n má gun igi, kí n má lúwẹ̀ẹ́, kí n má sún mọ́ ẹṣin. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ní kí n máa bọ̀. Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo bẹ Lìádì kó mú mi gba ọ̀nà Rẹ́mọ. Ó ní, "Ọmọ Fámúyìwá, èmi àti ẹrù mi là ń sá pamọ́ sígbó. Ìwọ tó o sígbọnlẹ̀ báyìí, ibo ni n ó fi ọ́ pamọ́ sí?" Ó kọ̀ jálẹ̀. Nítorí náà, mo ti rí ọkọ̀ kan tí yóò gba ọ̀sà wọ Odò Ògùn, tí yóò gbé wa lọ sí ebúté Aro lábẹ́ Abẹ́òkúta. Àwọn Sàró pọ̀ níbẹ̀, wọn yóò wá ọ̀nà mú mi dé Ìbàdàn, n ó ti ibẹ̀ wá sí Ìrókò. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ń jà, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ogun. Aṣọ òyìnbó ni n ó wọ̀. Ta ni yóò fọwọ́ kan mí?

Lọ́jọ́ kejìlá a ó ṣí. Ẹ sọ fún Ìyá pé mo ń bọ̀. Ẹ sọ ọ́ sí etí wọn dáadáa.

Èmi ọmọ yín,
Ìbídùnní


Ìrókò, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà, 1860

Ìbídùnní,

N kò lè kí ọ tẹ́lẹ̀ lónìí. Má wá ni mo wí! Má wá! Kì í ṣe máa wá!

Áà, orí mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Sàró, olùkọ́ wa máa ń fi ọ̀pá gbá wa lọ́wọ́ bí a bá fi àmì sórí lẹ́tà ńlá. Ó ní lẹ́tà ńlá kì í dé fìlà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń pa òfin yẹn mọ́. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá kí ó lè yé ọ, lẹ́tà ńlá náà ló sì ṣì ọ́ lọ́nà. Bí mo bá kọ ojú ìwé mẹ́fà bí ìṣe mi, ì bá ti yé ọ. Ìwọ lo ní kí n má gùn.

Gbọ́ mi. A ń gbọ́ ìbọn láti ìhà Ìjàyè láràárọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá, a ń gbọ́ òórùn èéfín oko tó ń jó. Wọ́n mú ọkùnrin méjì ní abúlé tó kángun sí wa, a kò tíì gbọ́ ohùn wọn. Aṣọ òyìnbó wo ni yóò gbà ọ́? O kàn la ẹnu pé "ẹ jọ̀ọ́" ni wọn yóò mọ ilé ìyá rẹ. Ìbàdàn wà lẹ́nu rẹ bí epo. Wọn yóò mú ọ, wọn yóò tà ọ́, bí wọ́n ti mú èmi náà nígbà tí mo kéré, ọkọ̀ ogun òyìnbó tó gbà mí lórí òkun kò sì ní kọjá lọ́jọ́ tìrẹ.

Ǹjẹ́ ọkọ̀ náà lágbára? Ta ló ń tù ú? Ṣé kò ń jò? Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní Èkó, jókòó. Bí o bá ti lọ, kí ẹni tó wà nílé náà wá ẹni gbé e tẹ̀lé ọ.

Bàbá rẹ,
Fámúyìwá


Iṣẹ́rí létí Odò Ògùn, ogúnjọ́ oṣù kẹfà, 1860

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ọjọ́ kẹjọ nìyí tí a ti kúrò ní Èkó, ibi tí wọ́n ń dé lọ́jọ́ méjì ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Omi ìsàlẹ̀ yìí kò rí bí odò tilé wa. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń ti omi wọ inú rẹ̀. Bí omi bá ń wọlé, ọkọ̀ a máa gòkè bí ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn. Bí ó bá ń fà, a ó so ọkọ̀ mọ́ gbòǹgbò, a ó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí ti kún òkè odò, omi pupa ń sáré bọ̀ tòun ti ìtì igi àti òkú ewúrẹ́, ó sì ń lé omi òkun padà. Ibi tí a bá tù dé láàárọ̀, omi yóò ti dá wa padà kí ọjọ́ tó yẹ̀ àtàrí. Igi kan wà tó tẹ̀ síwájú bí arúgbó, a ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Òjò kò dá. Ẹní tí wọ́n fi ṣe òrùlé ọkọ̀ ti rà. Igbá wà lọ́wọ́ mi láti òwúrọ̀, mo ń gbọ́n omi dànù, àtẹ́lẹwọ́ mi ti hun jọ. Ìyá kan tó ń jẹ́ Mùjíbátù ni mo jókòó tì, iyọ̀ ló ń kó lọ sókè. Ó ń bá Sàníù atukọ̀ jà tọ̀sán-tòru.

Níjẹta ó ní, "Sàníù, ọ̀lẹ! Tukọ̀! Iyọ̀ mi ń yọ́!"

Sàníù ní, "Ìyá oníyọ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́. Bó bá yọ́ tán, ọkọ̀ á fúyẹ́, a ó sáré."

"Orí ẹ ni yóò yọ́!"

"Orí mi ti rẹ sómi látàárọ̀, Ìyá, kò yọ́. Ó dáa ju iyọ̀ yín lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fèsì. Ni Mùjíbátù bá yíjú wò mí. Ó rọra ní, "Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́." Mo dákẹ́. Ó ní, "Bí o ti dákẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí o wà títí a ó fi gúnlẹ̀. Láti òní lọ, ọmọ mi ni ọ́, odi sì ni ọ́."

Lánàá, àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá oníbọn dá wa dúró, wọ́n ń bi olúkúlùkù léèrè ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kàn mí, Mùjíbátù ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Ọlọ́run kò fún un lóhùn." Ọ̀kan ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní tiyín yìí kí n fi ṣaya. Èyí tó wà nílé mi ń sọ̀rọ̀ jù." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò mọ bí odi ti ń rẹ́rìn-ín, mo bá gbé ojú mi sínú omi.

Ẹ sọ fún Ìyá kí wọ́n dúró dè mí. Ẹ̀yin lẹ pè mí, n kò ní padà lẹ́yìn.

Èmi ọmọ yín,
Ìbídùnní


Ìrókò, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, 1860

Ìbídùnní ọmọ mi,

O kú ewu omi, bí ewu náà bá ti tán. Lẹ́tà rẹ láti Iṣẹ́rí dé lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó rin gbindin, mo sá a sórí ààrò kí n tó lè kà á. Ṣé èyí tí mo kọ sí ọ lóṣù tó kọjá dé ọwọ́ rẹ? Ó jọ pé kò dé.

Ohun kan wà tí n kò mọ bí n ó ti sọ. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà tí o fi ní o ń bọ̀ dé, mo pariwo, ìyá rẹ sì gbọ́. Ó ní kí ni? N kò tíì ro ohun tí n ó wí tí ẹnu mi fi jáde pé, "Ìbídùnní ń bọ̀." Ó wá ní, "Ta ló pè é?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ọmọ mi, obìnrin tí kò dá dìde fún oṣù kan gbé ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Bàbá Ìbídùnní, ẹ forí jì mí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín ni mo ti ń sọ lẹ́yìn yín pé ojo ni yín. Lónìí ẹ pe ọmọ mi fún mi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ó di ọwọ́ mi mú. N kò lè gba ọwọ́ mi padà, n kò sì lè sọ fún un pé àṣìkà ni.

Láti ìgbà náà ló ti ń mu ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí Rùkáyátù, ọmọ Làmídì aládùúgbò wa, fọ aṣọ tí òun yóò wọ̀ pàdé rẹ. Láti ìgbà tí mo ti ka ti omi odò nínú lẹ́tà rẹ fún un, láràárọ̀ ni yóò bi mí pé, "Omi ń kọ́? Ṣé ó ti ń wọlé?" Èmi tí n kò rí odò yẹn rí, mo ń dá a lóhùn pé ó ń wọlé.

Kí ni kí n wí fún ọ báyìí? Bí mo bá ní kí o padà, mo pa ìyá rẹ. Bí n kò bá sọ ọ́, bóyá ìwọ ni mo pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé yìí. Padà. Padà sí Èkó, Ìbídùnní. N ó wá ohun tí n ó wí fún un. Má sùn sínú aṣọ tútù. Má mu omi pupa yẹn láìsè é.

Bàbá rẹ,
Fámúyìwá


Abúlé apẹja kan lókè Iṣẹ́rí, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje, 1860

Bàbá mi,

Mo kí yín. Orí orúnkún ni mo ti ń kọ èyí, ẹ má wo bí ìwé náà ti rí.

Lẹ́tà tí ẹ kọ lóṣù kẹfà dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkọ̀ iyọ̀ kan tí Mùjíbátù júwe ibí fún ló gbé e gòkè. Mo ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ ń kà á sí mi lọ́rùn pé èmi ni mo ní kí ẹ má gùn. Òótọ́ ni. Bàbá, n kò bínú nítorí àmì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ìyá mi, ẹ jókòó, ẹ mú ìwé, ẹ sì kọ ọ́ pé kí n má wá. Mo rò pé ẹ ti borí ìbẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan, nítorí tèmi. Inú ìrètí yẹn ni mo gùn wọ ọkọ̀, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ gbọ́ bí mo ti dé ibí. Ọjọ́ méje lẹ́yìn Iṣẹ́rí, ìtì igi kan tó ń bọ̀ láti òkè forí sọ ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ fì, mo ṣubú lu àpò iyọ̀, mo kígbe pé, "Yéè! Ìyá mi o!" Àwọn oníbọn wà létí odò. Ọ̀kan nínú wọn nahùn, ó ní, "Ìyá oníyọ̀, ẹ kú oríire! Odi yín fọhùn!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Omi líle yẹn ló gbà wá, ó gbé wa sá padà kọjá wọn kí wọ́n tó tú ọkọ̀ tiwọn. Nígbà tí a rí ibi so mọ́, Sàníù kò lè wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èèyàn méje ló wà nínú ọkọ̀ mi." Mo ní mo mọ̀. Mùjíbátù sunkún, ó bọ́ ìborùn rẹ̀ fún mi. Wọ́n sọ mí kalẹ̀ síbí.

Ahéré mẹ́rin ni, lórí ilẹ̀ tí kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn tó ni ín ń fún mi ní ẹja, wọn kì í bi mí ní ìbéèrè. Ibà ń ṣe mí. Láàárọ̀ yìí, omi wọ abẹ́ ẹní mi, ó sì fà padà. Lọ́sàn-án ó tún wọlé, kò fà. Àwọn oníbọn wà lókè, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn apẹja ní bí ó bá tún kún ní ìka mẹ́rin, àwọn yóò ṣí, àwọn kò sì mọ ibi tí àwọn yóò ṣí lọ. Ọ̀kan nínú wọn yóò gbìyànjú láti fún ọkọ̀ iyọ̀ ní ìwé yìí bí ọ̀kan bá kọjá.

Ẹ má sọ fún Ìyá.

Ìbídùnní


Ìrókò, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án, 1860

Ìbídùnní ọmọ mi,

N kò mọ bí a ti ń kí ẹni tí a kò mọ ibi tó wà. Mo kí ọ síbẹ̀.

Ìwé rẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá. Ìyá rẹ ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀ nígbà náà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o kọ sí mi. Mo wá àwíjàre, n kò rí i.

Lìádì lọ sí Èkó, ó wá Sàníù atukọ̀ rí. Sàníù ní òun padà lọ wò ọ́ nígbà tí òjò sinmi, pé Mùjíbátù ló ń yọ òun lẹ́nu. Ó ní òun kò bá ahéré, òun kò bá ènìyàn. Ó ní omi ló wà níbẹ̀, pẹrẹsẹ. Bóyá àwọn apẹja gbé ọ lọ. Mo ti sọ "bóyá" yìí títí ó fi di ohùn lásán lẹ́nu mi.

N ó sọ bí ìyá rẹ ti lọ, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ni. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò rí wa mọ́. Rùkáyátù gbé omi wọlé láti inú òjò, ó fẹ́ nu ojú rẹ̀. Ìyá rẹ gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ìbídùnní, o dé."

Rùkáyátù wojú mi. Mo mi orí fún un pé kó gbà.

Ó ní, "Mo dé, Ìyá."

"Ọwọ́ rẹ tutù."

"Òjò ló pa mí, Ìyá."

"Ṣé ìyà jẹ ọ́ lórí omi?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Kò jẹ ẹ́. Ọkọ̀ náà lágbára, wọ́n tù ú dáadáa."

Ìyá rẹ ní, "Ẹ̀yin, ẹ sinmi ìbẹ̀rù báyìí." Ó sùn, ọwọ́ Rùkáyátù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tún jí.

Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri pé Àjíkẹ́, ìyá rẹ, rí ọmọ rẹ̀ kó tó kú. Àwọn tó ń gba ọ̀nà oko kọjá ń kí mi pé mo kú oríire, pé ìyá rẹ rìnnà kore. Wọ́n ń béèrè pé níbo lo wà, kí àwọn kí ọ. Mo ní o ti padà sí Èkó. Làmídì ló mọ òótọ́, ó kàn ń wá jókòó tì mí.

Mo kọ ìwé yìí dé ibí láàárọ̀, mo pe Lìádì kó máa gbé e lọ. Ó yí i padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó yẹ kí orúkọ ìlú wà. Ó ní, "Bàbá, ta ni kí n gbé e fún?"

Mo ní kó ṣáà gbé e lọ sí etí omi.

Ó fi í sórí ẹní, ó rọra tì í padà síwájú mi. Ó ní, "Bàbá, etí omi gùn."

Èmi ni,
Fámúyìwá